Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Onílé-ẹ̀kọ́ Aládàáni ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì Lórí Òṣìṣẹ́ Tí Ìjàǹbá Ká Mọ́ Ọ̀nà Ibi Iṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́, láti Ìjerò dé Ọmùò, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú àfaradà àwọn òbí tí kì í tètè san owó ilé-ẹ̀kọ́.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ akápò ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Adó-Èkìtì. Èmi ni mò ń kọ ìwé owó oṣù, èmi ni mò ń ka owó sínú àpòòwé kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án sí báńkì, èmi náà ni mo sì ń yọ owó ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ. N kò kọ lẹ́tà yìí láti bú ẹnikẹ́ni, n kò sì ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ohun tí a ṣe níbẹ̀ kì í ṣe àṣà tiwa nìkan. Mo ti bá àwọn akápò ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín ni ti òṣìṣẹ́ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí lójú ọ̀nà nígbà tó ń bọ̀ níbi iṣẹ́ tàbí nígbà tó ń darí relé: orí ta ni ó yẹ kí a ka àwọn ọjọ́ tó fi dùbúlẹ̀ sí, ta ni yóò sì san owó wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn mí. Ìyá kan wà tó ń gbálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, Màmá ni gbogbo wa ń pè é, tọ́mọdé tàgbà. Ìwòròkó ló ń gbé, òun ló sì ń ṣí gbogbo kíláàsì láràárọ̀, nítorí náà ó ní láti dé kí agogo mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹsàn-án, òjò òru kò tíì dá tán nígbà tó gun ọ̀kadà láti Ìwòròkó wá sí Adó. Ọlọ́kadà náà fẹ́ yẹ kòtò kan tí omi ti bò mọ́lẹ̀, táyà ẹ̀yìn yọ̀, ọ̀kadà sì wó lu ìyá náà lẹ́sẹ̀. Sàlẹ́ńsà jó o ní ìsàlẹ̀ orúnkún, eegun ojúgun rẹ̀ sì ṣẹ́.

Àwa ò mọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé agogo méje àbọ̀ ti lù, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi dúró sí abẹ́ òrùlé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítorí òjò, àwọn olùkọ́ ń ráhùn, ilẹ̀kùn gbogbo sì wà ní títì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́jọ lù, ọlọ́kadà mìíràn wọlé, ó ní wọ́n rán òun láti ilé ìwòsàn. Ohun tó mú wá ni ìdì kọ́kọ́rọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa, mẹ́rìnlá, tí wọ́n ṣì wà nínú aṣọ ìró tí ìyá náà fi dì wọ́n mọ́ ìbàdí. Ẹ̀jẹ̀ wà létí aṣọ náà, ẹrẹ̀ sì ti dí ihò kọ́kọ́rọ́ méjì. Obìnrin tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ ti kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò gbé kọ́kọ́rọ́ wá fún wa kí ó tó ranṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Mo fọ àwọn kọ́kọ́rọ́ náà ní ẹnu omi, mo ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀.

Ó lo ọjọ́ díẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ní ìletò, nítorí pé owó ibẹ̀ fúyẹ́, wọ́n sì lè san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi lè wá síbi iṣẹ́, èyí tó jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ géérégé.

Nígbà tí mo gbé ìwé owó oṣù lọ bá ọ̀gá wa, wọ́n wò ó, wọ́n sì sọ gbólóhùn kan tí n kò lè gbàgbé: “Kì í ṣe inú ọgbà wa ló ti ṣubú.” Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi ọjọ́ líìfù rẹ̀ ti ọdún náà dí i, ìyẹn ọjọ́ mẹ́wàá, kí n sì yọ owó ogún ọjọ́ tó kù. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 35,000 náírà. Mo pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún, mo fi ogún sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 31,818 náírà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ ẹ̀rọ ìṣírò kí kọ́bọ̀ kan má baà ṣì, mo sì fi bíró pupa kọ ọ́ sí iwájú orúkọ rẹ̀, ìdá kan ní oṣù Kẹwàá, ìyókù ní oṣù Kọkànlá. Ọ̀gá wa kì í ṣe ìkà ènìyàn o. Wọ́n fi àpò ìrẹsì kékeré kan àti òróró ránṣẹ́ sí ìyá náà, wọ́n sì ní kí a gbàdúrà fún un ní àpéjọ àárọ̀. Èmi náà kò rò pé a ṣe ohun tó burú. Ojú àánú ni a fi wo ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tó wò ó lójú ẹ̀tọ́ nínú wa.

Ọdún kan lé kọjá kí ojú mi tó là, bó sì ṣe là pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Àbúrò mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ kọngílá fẹ́ du iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí wá láti ọ̀dọ̀ àjọ NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú owó ìdójútòfò àwọn òṣìṣẹ́. Èmi ni ó bẹ̀ pé kí n bá òun kọ fọ́ọ̀mù. Kí n má baà kọ ohun tí n kò mọ̀, mo wá òfin náà, mo sì jókòó kà á. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé nítorí iṣẹ́ kọngílá ni mo ṣe mọ ohun tí à ń jẹ obìnrin agbálẹ̀ kan ní gbèsè.

Òfin náà ni Employee’s Compensation Act, tí ààrẹ ìgbà náà, Goodluck Jonathan, buwọ́ lù ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Gbogbo agbanisíṣẹ́ ní Nàìjíríà ló kàn, ti ìjọba àti ti aládàáni. Àwọn ọmọ ogun nìkan ni ó yọ sílẹ̀. Kò sọ pé ilé iṣẹ́ ńlá tàbí kékeré. Kò sì yọ ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Abala keje rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí ó dá ọ̀gá wa lóhùn bí ẹni pé ó wà ní ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ náà. Ó ní òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bìínú fún ìjàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà láàárín ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti ibùgbé rẹ̀, ì báà jẹ́ ibùgbé rẹ̀ gan-an tàbí ibùgbé rẹ̀ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni láàárín ibi iṣẹ́ àti ibi tó ti máa ń jẹun, àti láàárín ibi iṣẹ́ àti ibi tó ti máa ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí agbanisíṣẹ́ bá ti gbọ́ nípa ibẹ̀ ṣáájú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Kò sí ọ̀rọ̀ ọgbà níbẹ̀. Bí ìyá tó ń gbálẹ̀ bá ti jáde ní ilé rẹ̀ ní Ìwòròkó tó sì kọjú sí ọ̀dọ̀ wa, òfin ti mú un mọ́ iṣẹ́. Bí a bá sì gbé òfin tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kọ́kọ́rọ́ ta ni ó wà ní ìbàdí rẹ̀?

Ó dà bíi pé ẹni tó kọ abala yìí mọ ìlú wa. Ọ̀rọ̀ ibùgbé kejì ni mo kọ́kọ́ wò. Mélòó nínú àwọn olùkọ́ yín ni wọ́n gba yàrá kan ní Básírì tàbí ní ẹ̀yìn Ajílọ́sùn, tí wọ́n ń sùn níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, tí ọkọ tàbí aya àti àwọn ọmọ sì wà ní Ìkọ̀lé tàbí Ayédé? Ní ìdájí ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń wọkọ̀ padà, tí wọ́n sì ń gba ojú ọ̀nà wọ inú ọgbà yín tààrà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Òfin mọ ilé méjèèjì. Ẹ wo ti oúnjẹ náà. Bí agogo oúnjẹ ọ̀sán bá dún, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ yín ni yóò sọdá títì lọ sí ọ̀dọ̀ olóúnjẹ, nítorí pé ọmọ Èkìtì tó fẹ́ jẹ iyán kò ní torí ọkọ̀ tó ń sáré fi iyán sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gbá irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń bọ̀, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ikùn ara rẹ̀ ló lọ wá oúnjẹ fún.

N kò sọ pé gbogbo ìṣubú ni ti iṣẹ́. Bí olùkọ́ bá parí iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, tó yà sí ibi ìnáwó kan ní Ìlawẹ̀, tó jó títí di òru, tí ìjàǹbá sì ṣẹlẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ohun tí a ó máa jiyàn lé lórí, nítorí kì í ṣe ọ̀nà ilé àti ibi iṣẹ́ ni ó ń tọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n irú ìyẹn kì í sábà ṣẹlẹ̀. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ ni ti ìdájí, ti ìrọ̀lẹ́, ti òjò, ti ọ̀nà tí ihò ti lu, ti ọ̀kadà tó gbé ènìyàn mẹ́ta. Èyíkéyìí nínú yín tó bá ti gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́ ní ìgbà òjò kò nílò kí n ṣàlàyé síwájú sí i.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ibẹ̀ sì ni àwa akápò ti ń ṣẹ̀ jù. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974, èyí tí wọ́n ń pè ní Labour Act, fi ọjọ́ ìsinmi ọdọọdún sí abala kan, ó sì fi ọjọ́ àìlera sí abala mìíràn. Òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù méjìlá lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọdọọdún tí kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, pẹ̀lú owó rẹ̀ ní pípé. Lọ́tọ̀ sí èyí, òṣìṣẹ́ tí àìlera fún ìgbà díẹ̀ bá dá dúró, tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin sì kọ ìwé ẹ̀rí fún un, ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó méjìlá láàárín ọdún kan. Àpò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìsinmi ọdọọdún jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ le, tó fẹ́ lọ sí ilé, kí ó rí àwọn òbí rẹ̀, kí ó sùn, kí ó jí nígbà tó bá wù ú. Ẹni tí wọ́n fi igi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ibùsùn kò sí ní líìfù, n kò sì mọ bí èmi tí mo ní làákàyè ṣe jókòó tí mo kọ “ìsinmi ọdọọdún” sí iwájú ẹni tí kò lè dìde lọ tọ̀.

Bí a bá ṣe ìṣirò náà bó ti yẹ, ohun tí ì bá wà nínú ìwé mi rèé. Ọjọ́ líìfù mẹ́wàá ìyá náà wà níbẹ̀ láìfọwọ́kàn. Owó ọjọ́ méjìlá, èyí tó tó 19,090 náírà, wá láti ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ọjọ́ méjìdínlógún tó kù, pẹ̀lú owó ìwòsàn, ni a ó kọ̀wé lé lórí sí àjọ NSITF, bí ó bá ṣe pé a ti forúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. A kò forúkọ sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ìyá náà ni gbèsè wa wọ̀ sí.

Mo ní láti ṣe àlàyé kan níhìn-ín kí n má baà ṣì yín lọ́nà. Labour Act kò ka gbogbo ènìyàn sí òṣìṣẹ́ bákan náà. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ni ó dojú kọ, ó sì yọ àwọn tó wà ní ipò alákòóso àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ṣẹ́ sílẹ̀. Agbálẹ̀, awakọ̀, ọlọ́dẹ, akọ̀wé ọ́fíìsì, àwọn wọ̀nyí kò ní wàhálà. Ní ti olùkọ́, lẹ́tà tí ẹ fi gbà á síṣẹ́ ni yóò sọ iye ọjọ́ àìlera tó ní, mo sì mọ irú lẹ́tà tí a máa ń kọ, nítorí èmi ni mo tẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn: ìpínrọ̀ mẹ́ta lórí aṣọ wíwọ̀ àti àsìkò dídé, kò sí ìlà kan ṣoṣo lórí àìsàn. Ṣùgbọ́n òfin ti 2010 kò ṣe ìyàtọ̀ yìí ní tirẹ̀. Olùkọ́ àti agbálẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n níbẹ̀, ẹni tó gba iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ náà sì wà nínú wọn.

Ohun tó ń ba ẹ̀tọ́ yìí jẹ́ jù lọ ní ọ̀dọ̀ wa ni ìwé. Òfin fún ẹni tó fara pa ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti fi ọ̀rọ̀ náà tó agbanisíṣẹ́ létí. Ó fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ létí. Ó fún òṣìṣẹ́, tàbí ẹbí rẹ̀ bí ó bá kú, ní ọdún kan láti béèrè owó náà. Ẹ wá fojú inú wo obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, tí fóònù rẹ̀ bọ́ sínú omi, tí wọ́n gbé lọ sí ìletò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró, pé òun ni kí ó máa ka ọjọ́ mẹ́rìnlá. Òfin náà rò ó ṣá, nítorí ó fi àyè sílẹ̀ bí agbanisíṣẹ́ bá ti mọ̀ nípa ìjàǹbá náà fúnra rẹ̀. Àwa mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ti sọ fún wa kí agogo mẹ́jọ tó lù. Ọwọ́ wa ni kíka ọjọ́ méje náà ti bẹ̀rẹ̀, a sì jẹ́ kí ó kọjá lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń to eegun. Ẹ má ṣì mí gbọ́. Apá òsì èmi fúnra mi, ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn ló ti jinná nígbà tí mo jábọ́ lórí igi máńgòrò lọ́mọdé, apá náà ni mo sì fi di ìwé yìí mú bí mo ṣe ń kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá yan ọparun àti òrí dípò símẹ́ǹtì ilé ìwòsàn, n kò lè bá a jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé bàbá tó ń to eegun kò lè kọ ìwé ẹ̀rí tí òfin yóò gbà. Ìyá tiwa lo ọjọ́ díẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kí ó gba ìwé kan ṣoṣo kí ó tó kúrò níbẹ̀, ìwé tí yóò sọ ọjọ́ tó dé, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, àti iye ọ̀sẹ̀ tí dókítà rò pé eegun náà yóò fi so. Bí ọ̀kan nínú wa bá lọ kí i ní ọjọ́ kejì tó sì gba ìwé náà, ì bá lè lọ sí ibi tó wù ú lẹ́yìn náà. Ìrẹsì ni a gbé lọ. Ìrẹsì dára, ṣùgbọ́n ìwé náà ni ó nílò.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ nípa owó. Mo ti jókòó sí ibi tí owó ilé-ẹ̀kọ́ ti ń wọlé, mo sì mọ̀ pé kì í wọlé dáadáa. Mo rántí àwọn ọdún tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń sùn sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí, tí àwọn òbí ń gbé iṣu wá dípò owó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka owó tí òfin béèrè. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù tí ẹ ń san ni. Òṣìṣẹ́ méjìdínlógún ni a ní nígbà náà, àpapọ̀ owó oṣù wọn sì jẹ́ 720,000 náírà. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 7,200 náírà lóṣù. Owó tí jẹnẹrétọ̀ wa ń mu ní ọjọ́ díẹ̀ nìyẹn, nígbà tí a bá ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Owó yìí ni ì bá gbé ẹrù ìyá náà kúrò lọ́rùn wa àti lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ wá jẹ́ pé ìjàǹbá náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹnì kan kú, tó sì fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, òfin ní kí àjọ máa san ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù olóògbé fún wọn lóṣooṣù. Ilé-ẹ̀kọ́ wo nínú tiwa ni ó lè fi àpò ara rẹ̀ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan nínú yín yóò ní owó ìjọba ni, kì í jáde bọ̀rọ̀. Èmi náà ti dúró lórí ìlà ní ọ́fíìsì ìjọba rí, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀, tí kò san kọ́bọ̀, kò ní ẹnu láti sọ pé wọn kò dá òun lóhùn. Mo sì ti rí i pé àwọn kọngílá ìlú yìí ń wá owó náà san kíákíá nígbà tí iṣẹ́ bá wà níwájú tí wọ́n fẹ́ du, nítorí ìwé ẹ̀rí. Bí a bá lè rí owó san nítorí kí a lè gba iṣẹ́, ó yẹ kí a rí i san nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́.

Nǹkan méjì kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún, mo sì ń sọ wọ́n nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akápò mìíràn. Àkọ́kọ́ ni kí a yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún náà lára owó oṣù òṣìṣẹ́. Òfin kò gbà á. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń san án. Èkejì ni ìwé tí a máa ń gbé fún ẹni tó fara pa láti buwọ́ lù, pé òun ti gba ìrànlọ́wọ́, òun kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní agbára kankan, nítorí òfin sọ pé òṣìṣẹ́ kò lè fọwọ́ sí i pé òun fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ń Gbọ́ Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní National Industrial Court, ìtìjú ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ fún ẹni tó mú un wá.

Ìbéèrè mi sí yín kò pọ̀. Kí sáà tuntun tó wọlé, ẹ forúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà, ẹ sì jẹ́ kí akápò yín mọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ san owó lóṣooṣù bó ṣe mọ ọjọ́ owó iná. Ẹ fi ìwé pélébé kan kún fáìlì òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ilé tó ń gbé síbẹ̀, ilé kejì bí ó bá ní, àti ibi tó ti máa ń jẹun lọ́sàn-án, nítorí pé òfin fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ ṣáájú. Ẹ tún lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àwọn olùkọ́ kọ, kí ọjọ́ àìlera wà níbẹ̀, kí ó má sì dín ní méjìlá tí agbálẹ̀ ní. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, kí ẹnì kan lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì, kì í ṣe láti kí aláìsàn nìkan, bí kò ṣe láti gba ìwé dókítà, láti kọ àkókò àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì béèrè nọ́ḿbà ọkọ̀ bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ má ṣe jẹ́ kí akápò yín fọwọ́ kan ọjọ́ líìfù ẹni náà.

Ní ti ìyá tí mo sọ ìtàn rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ keje. Ó ń tiro díẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a bá òun wá ẹlòmíràn tí yóò máa ṣí ilẹ̀kùn òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò béèrè owó rẹ̀. Ìgbà tí mo ka òfin tán ni mo lọ bá ọ̀gá wa, a sọ ọ́ títí, wọ́n sì gbà pé kí a san 19,090 náírà náà. Owó ọjọ́ méjìdínlógún ni kò ṣeé rí gbà mọ́, nítorí a kò forúkọ sílẹ̀, ọdún kan sì ti kọjá. Ìyá náà bi mí pé kí ni owó náà wà fún. Mo ní owó àìsàn rẹ̀ ni. Ó ní àìsàn wo, ara òun ti yá.

N kò sí lẹ́nu iṣẹ́ náà mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì mọ ọ̀nà àwọn fọ́ọ̀mù wọ̀nyí. Ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí ní Adó tàbí agbègbè rẹ̀ tó bá jẹ́ pé ìwé kíkọ ni ó ń dẹ́rù bà á, kí ó pè mí. Mo máa ń ráàyè ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti agogo mẹ́wàá, n kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ẹ kàn mú ìwé owó oṣù yín dání, èyí tí ẹ fi bíró pupa kọ náà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akápò tẹ́lẹ̀ rí ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan,
Adó-Èkìtì.